Ìdẹ Tí Kò Wọlé

Onídẹ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, láti orí ọ̀gá títí kan ẹni tó ń nu ilẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n á rò pé apẹja ni, tàbí pé eku ló ń dẹ pàkúté fún. Apẹja kọ́ o. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún ni, tẹ́ẹ́rẹ́, onígíláàsì, tó máa ń wọ bàtà tí kì í dún. Ẹ lè wà nínú yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ títí tí ẹ máa fi sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, kí ẹ tó mọ̀ pé ẹni tí ẹ ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lẹ́yìn yín. Ìdẹ tó ń ṣe ní láàbù kéré débi pé bí ẹ bá kó ọ̀kẹ́ àìmọye rẹ̀ sínú ìgò, omi lásán lẹ máa rí. Ṣùgbọ́n ìdẹ ni, ó sì ní ohun tó ń dẹ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, kò le tó bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Sẹ́ẹ̀lì ló kún ara wa yìí, ìkọ̀ọ̀kan wọn sì dà bí ilé tí àwọn ará ibẹ̀ kì í sinmi. Nǹkan ń gbó nínú ilé náà, nǹkan ń bà jẹ́, ó sì yẹ kí wọ́n kó o dànù. Ohun tó bá ti gbó, wọ́n á lẹ àmì kékeré kan mọ́ ọn lára, bí ìgbà tí ìjọba bá fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Yubíkítììnì ni orúkọ àmì náà. Ohun tó bá ti gba àmì yẹn, ó ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn tó máa rún un wómúwómú. Àwọn ẹ́ńsáìmù kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti máa lẹ àmì. Àwọn mìíràn wà tí iṣẹ́ tiwọn ni láti máa ṣí i kúrò. Bí àwọn aṣíàmì yìí bá ṣe àṣejù, pàǹtírí á kún ilé. Bí wọ́n bá lọ sùn, àwọn tó ń rún nǹkan á wó ohun tí kò yẹ kí wọ́n wó. Àìsàn tó ń ti ibẹ̀ wá kò kéré.

Àwọn aṣíàmì ni Onídẹ ń dẹ. Á ṣe ayédèrú àmì tó jọ ojúlówó bí ìbejì ṣe ń jọ ìbejì, á fi ìwọ̀ sí i nídìí, á fi àwọ̀ tó ń tàn sí i lórí. Bí aṣíàmì bá wá, tó la ẹnu láti gé e bó ṣe ń gé àmì lójoojúmọ́, ìwọ̀ á kọ́ ọ lẹ́nu. Ó tán nìyẹn, kò lè já mọ́. Ibi tó bá ti tàn, ẹ mọ̀ pé aṣíàmì tó ń ṣiṣẹ́ wà níbẹ̀, torí pé èyí tó ń sùn kì í la ẹnu.

Ibì kan ṣoṣo ni iṣẹ́ náà ti le. Bí wọ́n bá ti fọ́ sẹ́ẹ̀lì túútúú, tí ohun inú rẹ̀ dà síta, kò sí ẹni tí kò lè dẹ wọ́n. Ṣùgbọ́n ilé tó ti wó, báwo lèèyàn ṣe máa mọ bí wọ́n ṣe ń gbé inú rẹ̀? Ìdẹ tó máa gba ara sẹ́ẹ̀lì wọlé nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ṣì wà láàyè ni Onídẹ ń wá láti ọdún gbọọrọ, awọ sẹ́ẹ̀lì sì rèé, kì í gba àlejò ńlá. Àmọ́ Onídẹ rí i ṣe. Á da ìdẹ sórí sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè, á dúró, á ṣan èyí tó kù níta kúrò, á wá da omi afọ́sẹ́ẹ̀lì lé e láti wo ohun tí ìwọ̀ ti mú. Gbogbo ìgbà tó bá wò ó, ó ń tàn yòò. Ọ̀gá ti ń múra láti lọ sọ ọ́ ní ìpadé ńlá kan lókè òkun, àwọn òṣìṣẹ́ sì ti ń bi ara wọn léèrè irú aṣọ tí àwọn máa wọ̀ bí wọ́n bá wá ya àwọn ní fọ́tò.

Onídẹ náà ń yọ̀, kò ní ẹni tó máa bá a yọ̀ ni. Bó bá ti délé, ọ̀rọ̀ á tán lẹ́nu rẹ̀.

Ilé Màmá ni wọ́n ń gbé, òun àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ìyá kan ṣoṣo tó ní. Ilé ilẹ̀ ni, ọ̀ọ̀dẹ̀ tóóró kan ló la inú rẹ̀ kọjá, àwọn yàrá sì tò sí apá kan. Ti Onídẹ ló wà nítòsí ẹnu ọ̀nà, ti àbúrò wà ní ìparí, ti Màmá wà láàárín. Láti ìgbà tí Màmá ti kú ni wọ́n ti ti ilẹ̀kùn àárín yẹn pa. Ẹ̀gbọ́n kì í wọ ibẹ̀, àbúrò kì í wọ ibẹ̀. Wọ́n á rọra kọjá níwájú rẹ̀ bí ìgbà tí èèyàn ń sùn nínú rẹ̀.

Firíìjì ni àbúrò ń tún ṣe. Ọkùnrin náà lè gbọ́ ohùn firíìjì láti òjúlé kejì, kó sọ ohun tó ń ṣe é. Àmọ́ ó ti di ọdún kẹta tí kò ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ tó ju ìkíni lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń jà. Ká ní wọ́n ń jà ni, ì bá sàn.

"Ẹ káàárọ̀, mà."

"Káàárọ̀. Ṣé dáadáa lo jí?"

"A dúpẹ́, mà."

Ó tán. Mà! Ọmọ tí Onídẹ pọ̀n, tó nu imú fún, tó ń pè é ní Àǹtí mi láti ìgbà tó ti mọ ọ̀rọ̀ sọ, òun ló wá ń pè é ní mà bí ẹni tó lọ gba ìwé ní ọ́fíìsì. Ọ̀rọ̀ náà máa ń gún un ní àyà láràárọ̀, síbẹ̀ á dáhùn, á gbé báàgì rẹ̀, á lọ.

Ohun tó fà á kò ju báyìí lọ. Lọ́jọ́ tí Màmá máa kú, àbúrò pè é lórí fóònù. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ máa bọ̀ o, Màmá ò dáa rárá." Onídẹ ti da ìdẹ sórí sẹ́ẹ̀lì lásìkò náà. Bí wọn ò bá ṣan án ní wákàtí rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ náà ti bà jẹ́ nìyẹn. Ó ní, "Mò ń bọ̀, jẹ́ kí n ṣan àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí ná." Kò rò pé ikú ń bọ̀. Ta ló máa ń rò ó? Màmá ti ń ṣàìsàn tipẹ́, wọ́n sì ti pè é bẹ́ẹ̀ rí tí ara Màmá padà le. Ó ṣan sẹ́ẹ̀lì, ó kó wọn pa mọ́, ó nu tábìlì. Nígbà tó fi máa délé, wọ́n ti fi aṣọ bo Màmá lójú.

Lọ́jọ́ ìsìnkú, àbúrò dì mọ́ ọn. Ó dì mọ́ ọn títí, ó sunkún sí i léjìká débi pé aṣọ rẹ̀ tutù. Ṣùgbọ́n nígbà tí àlejò ti lọ tán, tí wọ́n ti gbá ilẹ̀, ó dúró ní ọ̀ọ̀dẹ̀, ó sì sọ gbólóhùn kan péré: "Ẹ lọ bọ́ àwọn ọmọ yín, mà." Sẹ́ẹ̀lì ló ń bá wí. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Onídẹ ní inú ló ń bí ọmọ náà, pé ó máa rọ̀ tó bá yá. Àgbà ni òun, kí òun wá máa lọ kanlẹ̀kùn ọmọdé kẹ̀? Bí ìbànújẹ́ bá dé sí i lóru, ọjọ́ ìsìnkú yẹn ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú. Á ní, "Ó dì mọ́ mi. Ẹni tó kórìíra èèyàn kì í dì mọ́ ọn báyẹn. Ìfẹ́ ṣì wà níbẹ̀." Orí ìgbámọ́ra ọjọ́ kan yẹn ló ń gbé láti ìgbà náà, bí ẹni tó ń fi oúnjẹ àná pa ebi òní.

Kì í ṣe pé kò gbìyànjú o, ní tirẹ̀. Á gbá iwájú ilẹ̀kùn àbúrò mọ́ tirẹ̀. Á pọnmi kún kẹ́ẹ̀gì rẹ̀. Bí òjò bá ṣú, á sáré ká aṣọ ọkùnrin náà lórí okùn, á ká a kó dára, á gbé e sí ẹnu ilẹ̀kùn. Bó bá di àárọ̀, á gbọ́: "Ẹ ṣé, mà." Gbogbo oore yẹn, ẹnu ilẹ̀kùn ló ń mọ.

Bí nǹkan ṣe wà nìyẹn kó tó di ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí. Ní ọjọ́ Ajé, Onídẹ ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, ló bá ko Ìyá Aránṣọ, obìnrin tó ń ránṣọ ní òdìkejì títì, ẹni tí ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta! Ẹ mà wá dákẹ́ o. Àbúrò yín ń kó lọ lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ò tiẹ̀ wí fún aládùúgbò."

"Ẹn?"

"Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ẹja dídì kan ló gbà á síṣẹ́ ní ìlú kejì. Yìnyín ni wọ́n ní kó máa bójú tó. Iṣẹ́ gidi nìyẹn. Ṣé kò jìnnà jù ṣá? Wọ́n ní mọ́tò máa ń lo ọjọ́ kan gbáko."

"Kò jìnnà," ni Onídẹ wí. Ó rẹ́rìn-ín. "Ọkàn mi ti bá a lọ."

Irọ́ ńlá! Kò gbọ́ ọ rí. Ojú tì í débi pé ó gbàgbé láti ra ohun tó fẹ́ rà. Kéèyàn gbọ́ ìròyìn ọmọ ìyá rẹ̀ lẹ́nu aládùúgbò, kó sì tún máa ṣe bí ẹni tó ti mọ̀! Ó dé ọ̀ọ̀dẹ̀, ó rí àwọn páálí tí wọ́n tò sí ìparí, ó sì dúró síbẹ̀ pẹ̀lú báàgì lọ́wọ́. Bí ọkùnrin yìí bá lọ, kò sí ẹni tó máa kí òun ní àárọ̀ mọ́, mà ni o, kí ni o. Ó dúró de kí àbúrò jáde wá sọ fún un. Àbúrò jáde lóòótọ́. Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà," ó gbé páálí mìíràn kalẹ̀, ó padà wọlé.

Onídẹ tún wí fún ara rẹ̀ pé, "Ó dì mọ́ mi lọ́jọ́ yẹn ṣá. Kò lè lọ láìsọ̀rọ̀."

Ní ọjọ́ kejì, omi afọ́sẹ́ẹ̀lì Onídẹ tán. Ohun tó fi ń pò ó kò tíì dé lọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, ló bá gbé ìgò, ó lọ tọrọ ní láàbù kejì. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín, torí pé kò sí ohun tí kì í pa á lẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ó rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń fa eyín rẹ̀.

"Onídẹ! Ṣé ìdẹ yín ti mu gbogbo omi yín tán ni?"

"Ẹ fún mi lómi, ẹ má fún mi lẹ́jọ́."

Ó bu omi fún un. Onídẹ padà síbi iṣẹ́ rẹ̀, ó da ìdẹ sórí sẹ́ẹ̀lì, ó dúró, ó ṣan wọ́n, ó fi omi tuntun náà fọ́ wọn, ó gbé e sábẹ́ ẹ̀rọ. Òkùnkùn biribiri. Kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan. Ó ní bóyá ìdẹ ló bà jẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó mú ìdẹ tuntun láti inú fìríìsà, ó tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀. Òkùnkùn. Ó wá ṣẹ́ omi àtijọ́ tirẹ̀ tó kù ní ìsàlẹ̀ ìgò kan, ó fi fọ́ sẹ́ẹ̀lì díẹ̀. Ó tàn yòò bí ìṣe rẹ̀. Ó tún lọ bá Ẹlẹ́rìn-ín.

"Kí lẹ fi sínú omi yín?"

"Iyọ̀, ọṣẹ, àti oògùn apawọ̀. Ṣé ó ta yín lára ni?"

"Kí ni oògùn apawọ̀ ń wá nínú omi afọ́sẹ́ẹ̀lì?"

"Háà, Onídẹ, èmi lẹ wá ń bi? Ìdẹ tó bá ṣẹ́kù níta ńkọ́? Bí ẹ bá fọ́ sẹ́ẹ̀lì, tí ẹ ò pa ìwọ̀ gbogbo ìdẹ tó kù, ṣé kò ní máa kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá sá jáde lẹ́nu? Ilé á ti wó tán kí ó tó mú wọn, ẹ̀yin á wá rò pé inú ilé ló ti bá wọn." Ó rẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ kì í pa á ni?"

"Mo máa ń ṣan án."

"Ṣíṣàn nìkan?"

"Mo máa ń ṣan án dáadáa."

Ẹlẹ́rìn-ín wo ojú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, ẹ̀rín tán lẹ́nu ọkùnrin náà. Ó ní, "Ẹ̀bìtì tí ò bá peku…" kò sì parí rẹ̀. Ó fa àga fún un.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ṣòroó yé. Ìdẹ kò wọlé. Ṣe ló lẹ̀ mọ́ awọ sẹ́ẹ̀lì níta, bí eruku ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri, ṣíṣàn kò sì lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò. Ó dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn. Nígbà tí Onídẹ bá wá fọ́ ilé, tí àwọn ará inú rẹ̀ tú jáde nínú ìdààmú, ìwọ̀ á kọ́ gbogbo wọn lẹ́nu. Ìmọ́lẹ̀ tó ń rí láti ọdún yìí wá, ìmọ́lẹ̀ ilé tó fọ́ ni. Ìdẹ náà kò fojú kan yàrá rí.

Ní ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn tó ti tún un ṣe títí tí iyèméjì fi tán, ó kanlẹ̀kùn ọ̀gá. Ọ̀gá kéré sí i lọ́jọ́ orí, ọkùnrin afínjú tó máa ń to bírò sórí tábìlì bí ọmọ ogun.

"Ìdẹ yẹn kò wọlé, sà."

"Kò wọlé lónìí?"

"Kò tíì wọlé rí, sà."

Ọ̀gá yọ gíláàsì, ó nù ún, ó tún un nù. "Mo ti sọ fún wọn pé ó wọlé."

"Ẹ sọ fún wọn pé kò wọlé."

Onídẹ rò pé ó máa lé òun jáde. Nígbà tó yá, ọ̀gá mí kanlẹ̀, ó ní, "Ó sàn kí n gbọ́ ọ lẹ́nu yín ju kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀tá. Ẹ máa lọ sílé, ẹ lọ sùn. Ọjọ́ Ajé la máa mọ ibi tá a ti máa bẹ̀rẹ̀. Bóyá ó tóbi jù ni. Bóyá ká gé e kéré." Kò bínú, ìyẹn gan-an ló sì dun Onídẹ jù.

Inú bọ́ọ̀sì ló wà, ó fi orí ti fèrèsé, nígbà tí nǹkan kan sọ sí i lọ́kàn. Ọjọ́ ìsìnkú. Ó dì mọ́ mi. Ó dì mọ́ mi, kẹ̀? Ta ni àbúrò kò dì mọ́ lọ́jọ́ náà? Ó dì mọ́ Ìyá Aránṣọ, ẹni tí wọn ò jọ ń kí ara wọn nítorí ṣòkòtò kan tó rán bà jẹ́. Ó dì mọ́ awakọ̀. Ó dì mọ́ ọkùnrin tó wá kó àga, ọkùnrin yẹn kò tiẹ̀ mọ ohun tó máa fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe! Ilé ti fọ́ lọ́jọ́ náà, gbogbo ẹni tó bá ṣáà wà nítòsí ni ó lẹ̀ mọ́. Onídẹ kò sì ronú kàn án rí. Ó bú sẹ́rìn-ín nínú bọ́ọ̀sì, ẹni tó jókòó tì í sún kúrò díẹ̀. Kó tó dé ibùdókọ̀ rẹ̀, ẹ̀rín ti di ẹkún.

Kò tíì wọlé rí, sà. Òun gan-an nìyẹn. Ọdún kẹta rèé, ẹnu ilẹ̀kùn ló wà.

Ó délé, oòrùn kò tíì wọ̀ tán. Ó gbọ́ tí àbúrò ń tú bẹ́ẹ̀dì palẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó gbé aṣọ ọkùnrin náà tó ti lọ̀ láti àná, kó lè ní ohun tó máa sọ pé òun wá ṣe. Ó dé àárín ọ̀ọ̀dẹ̀, ó dá a padà. Ó wá ronú ọ̀rọ̀ gígùn kan: nípa iṣẹ́, nípa Màmá, nípa bí òun ṣe pọ̀n ọ́n nígbà tó wà lọ́mọdé. Ó dà á nù pẹ̀lú. Ó lọ lọ́wọ́ òfìfo, ó kanlẹ̀kùn.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni."

Ìró bẹ́ẹ̀dì dákẹ́. "Ṣé kò sí o, mà?"

"Ó wà. Jọ̀ọ́, ṣílẹ̀kùn fún mi."

Ilẹ̀kùn ṣí díẹ̀. Àbúrò dúró sí àlàfo rẹ̀ pẹ̀lú sukudiráfà lọ́wọ́, òógùn ń ṣàn lójú rẹ̀. Irun rẹ̀ ti ń funfun létí. Onídẹ kò rántí ìgbà tó rí i nítòsí báyìí gbẹ̀yìn.

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí o pè mí, ó yẹ kí n fi àwọn sẹ́ẹ̀lì yẹn sílẹ̀. Mi ò fi wọ́n sílẹ̀. Mi ò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ rí. Má bínú."

Àbúrò wo ilẹ̀. "Ṣé ohun tí ẹ rò pé ó ń dùn mí nìyẹn?"

"Ṣé òun kọ́ ni?"

"Ó wà lára rẹ̀." Ó ṣí ilẹ̀kùn tán. "Ẹ wọlé."

Yàrá náà ti ṣófo. Pákó bẹ́ẹ̀dì fi ara ti ògiri, àwọn ìdè àti bọ́ọ̀tì wà nínú agolo, àga Màmá kékeré, èyí tó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé, wà lórí páálí. Ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà tẹ́lẹ̀, àwọ̀ ilẹ̀ yàtọ̀. Àbúrò jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, kò wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Èmi ni mò ń wẹ Màmá," ó ní. "Èmi ni mò ń fi ṣíbí bọ́ wọn. Mo gbé wọn lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo gbé wọn bọ̀. Mi ò kà á sí gbèsè lọ́rùn yín, ìyá mi ni. Lọ́jọ́ yẹn, mo sọ fún wọn pé, 'Màmá, Àǹtí mi ń bọ̀.' Wọ́n ní, 'Má yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun ẹlẹ́mìí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi yẹn, kì í fi nǹkan sílẹ̀.' Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ wọn ìkẹyìn nìyẹn." Ó ń yí sukudiráfà ní ọwọ́. "Ẹ̀yin tí ẹ ò sí níbẹ̀ ni wọ́n dárúkọ. Ọwọ́ wọn wà lọ́wọ́ mi báyìí, wọn ò pè mí. Wọn ò sọ nǹkan kan nípa mi. Inú bí mi sí yín, inú bí mi sí wọn. Ẹni tó kú ni, báwo ni mo ṣe máa bínú sí i? Gbogbo rẹ̀ wá di tiyín."

Onídẹ fi ara ti ògiri. Ọ̀rọ̀ pọ̀ tó fẹ́ sọ. Ó fẹ́ sọ pé Màmá fẹ́ràn rẹ̀, pé gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni gbogbo wọn. Ó mọ̀ pé wọn ò ní wọlé.

Ó ní, "Ẹni tí ọwọ́ ẹni bá wà lọ́wọ́ rẹ̀, a kì í pè é. Kí ni wọ́n máa pè ọ́ fún? O wà níbẹ̀."

Àbúrò gbé ojú sókè. Ẹnu rẹ̀ gbọ̀n bí ti ìgbà tó wà lọ́mọdé, tó bá ṣubú tí kò fẹ́ sunkún níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó sì sunkún. Kò dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ o. Ó sún lórí àpótí náà, ó fi àyè díẹ̀ sílẹ̀, Onídẹ sì lọ jókòó síbẹ̀. Àpótí náà kéré fún àwọn méjèèjì, irin rẹ̀ sì ń gún wọn. Wọ́n jókòó báyẹn títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sí ẹni tó dìde lọ tan iná.

Ó lọ ní ọjọ́ Sátidé ṣá. Iṣẹ́ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kó tó wọ mọ́tò, ó mú kọ́kọ́rọ́ méjì lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́, ti yàrá rẹ̀ àti ti yàrá Màmá. Ó ní, "Ẹ máa bá mi ṣí fèrèsé, Àǹtí mi, kí ibẹ̀ má bàa bu." Onídẹ dúró lójú títì títí mọ́tò fi ṣẹ́ kọ́nà, ó wọlé, ó ṣí ilẹ̀kùn ìparí, ó ṣí ilẹ̀kùn àárín, ó ṣí gbogbo fèrèsé. Atẹ́gùn ń fẹ́ já ilé náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Kò gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ó jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ó dúró de ìkíni, kó tó rántí.

Níbi iṣẹ́, wọ́n gé ìdẹ kéré. Wọ́n bọ́ gbogbo ohun tó wúwo lára rẹ̀, ó ku ìwọ̀, ibi tí aṣíàmì ń gé, àti àwọ̀ díẹ̀. Onídẹ ń pa ìwọ̀ tó bá kù báyìí kó tó fọ́ sẹ́ẹ̀lì. Òkùnkùn ló kọ́kọ́ ń rí, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ìmọ́lẹ̀ kan hàn fírífírí, tí ẹni tí kò bá fara balẹ̀ kò lè rí. Kò pariwo. Ó ní kí òun tún un ṣe láti fi mọ̀ bóyá òótọ́ ni.

Ọjọ́ tó ń tún un ṣe náà, sẹ́ẹ̀lì wà nínú àwo, ìdẹ wà lórí wọn, àsìkò ṣíṣàn ti tó gẹ́lẹ́, ni fóònù rẹ̀ bá dún lórí tábìlì. Ó wo orúkọ tó yọ. Ẹlẹ́rìn-ín tó wá yá ìgò dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Onídẹ, àwọn sẹ́ẹ̀lì yín o!" Onídẹ ti bọ́ ìbọ̀wọ́ sílẹ̀.

"Àbúrò mi, mò ń gbọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan, Àǹtí mi. Mo kàn ní kí n gbọ́ ohùn yín ni. Ṣé ọwọ́ yín dí?"

"Rárá o," ni Onídẹ wí, ó sì fa àga, ó jókòó. "Sọ̀rọ̀. Mo wà níbí."

Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà bà jẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó da wọ́n nù, ó sì gbin òmíràn.